“Ìwé ìpè” nìkan kò tó

Orúkọ Yorùbá là ń wá fún àwọn ìwé tí kóòtù ń gbé jáde. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá “ìwé ìpè” fún sàmọ́ńsì (summons), àbúrò kan sì ní kí wáráǹtì (warrant) máa jẹ́ “ìwé ìfipámúni”. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí ìwé kọ̀ọ̀kan ń bá sọ̀rọ̀. Olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ni sàmọ́ńsì ń bá wí: ẹ̀sùn báyìí ni wọ́n fi kàn ọ́, yọjú sí kóòtù lọ́jọ́ báyìí. Ẹ̀dà méjì ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó gba ọ̀kan yóò buwọ́ lu ẹ̀yìn èkejì, ìyẹn ni yóò padà sí kóòtù. Ní ti wáráǹtì, ọlọ́pàá ló ń rán níṣẹ́: lọ mú lágbájá wá. Lágbájá náà gan-an ni o, kì í ṣe ìyá rẹ̀. ACJA, ìyẹn òfin àpapọ̀ Nàìjíríà tọdún 2015 lórí bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ti ní kí wọ́n má ṣe mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn.

Ibi tí “ìwé ìpè” ti ń daamú mi nìyí: àwọn ọlọ́pàá náà a máa kọ̀wé pe ènìyàn sí àgọ́ wọn. Adájọ́ kò lọ́wọ́ sí ìyẹn rárá. (Ká má tíì wá dárúkọ ti ìgbéyàwó.) Bí méjèèjì bá ń jẹ́ orúkọ kan, ẹni tí ọlọ́pàá pè á rò pé kóòtù ló pe òun. “Ìwé ìpè kóòtù” tán an. “Ìwé ìpẹ̀jọ́” tí àwọn kan ń kọ kò ṣeé lò. Olùpẹ̀jọ́ ló ń pẹjọ́, ẹni tí a pè wá jẹ́jọ́ kọ́.

“Ìfipámúni” tilẹ̀ burú jù, ajínigbé ló bá mu. Kí wáráǹtì tó jáde lábẹ́ òfin yẹn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti búra lórí ẹ̀sùn náà. Adájọ́ tàbí májísíréètì ló ń buwọ́ lù ú, ọjọ́ Àìkú pàápàá kò dí i lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa múlẹ̀ títí wọn yóò fi mú ẹni náà tàbí títí adájọ́ yóò fi wọ́gi lé e. Àṣẹ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Torí náà, “ìwé àṣẹ ìmúni”.

Èyí tó kù ni “bench warrant”, wáráǹtì tí adájọ́ ń gbé jáde nígbà tí ẹni tí a ti pè, tàbí tí a ti gba béèlì rẹ̀, kò yọjú. “Ìwé àṣẹ ìmúni nítorí àìyọjú” ni mo rí, ṣùgbọ́n ó ti gùn jù fún oníròyìn. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú, kó jọ̀ọ́ kó wá sọ ọ́.