Ọmọ oṣù 6 àti tẹlifíṣọ̀n: ṣé ó ti pa á lára ni?

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ti pé oṣù 6. Láàárọ̀, bí mo bá fẹ́ wẹ̀ tàbí kí n fọ ìgò rẹ̀, mo máa ń gbé e sí àga rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n fún bí ìṣẹ́jú 20. Lálẹ́, tiwa náà máa ń wà ní títàn títí a ó fi sùn. Ó máa ń tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ń yé e. Ọkàn mi ń dá mi lẹ́bi. Ṣé ó ti pa á lára? Kí ni mo lè fi rọ́pò rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìṣẹ́jú 20 kò ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Òótọ́ ni pé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 kò fẹ́ ẹ rárá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1. Láti ọdún 2 ni wọ́n gbà á láàyè, kó má sì ju wákàtí 1 lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn kan náà ní kí ọmọ tí kò tíì lè rìn kiri dojú bolẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 lóòjọ́ (lójú ayé o, kì í ṣe lójú oorun), kí a má dè é mọ́ àga ju wákàtí 1 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ oṣù 4 sí 11 sì sun wákàtí 12 sí 16. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn: oorun, eré orí ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu yín.

Títẹjú tó ń tẹjú mọ́ ọn, kò yé e. Ìmọ́lẹ̀ tó ń yí padà àti ariwo òjijì ló ń fa ojú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Ti alẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kó tó kan ti àárọ̀. Èyí tí kò sẹ́ni tó ń wò ó pàápàá ń ṣe jàǹbá. Dimitri Christakis, dókítà ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sára àwọn ọmọ oṣù 2 sí 48, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2009: wákàtí kọ̀ọ̀kan tí tẹlifíṣọ̀n bá fi ń dún, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu àgbà ń fi nǹkan bí 770 dín. Ohùn tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń yọ náà ń dín.

Olùtọ́jú Ọmọ: Ti ìwẹ̀: ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ níbi tí ojú yín ti lè tó o, tàbí kí ẹ gbé e sínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ní ọgbà. Ẹ fún un ní nǹkan 3 péré: abọ́ rọ́bà, ṣíbí onígi, aṣọ mímọ́ kan. Bí ẹ bá kó mẹ́wàá síwájú rẹ̀, kò ní gbájú mọ́ ìkankan. Ẹ máa pààrọ̀ wọn lójoojúmọ́. Ohunkóhun tó bá lè gba inú ihò páálí tí wọ́n ń wé bébà ìnùdí mọ́ ti kéré jù, ó lè há a lọ́fun.

Àkókò ló ń ba èyí jẹ́ jù. Ẹ ṣe é nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó ti yó, tí ìdí rẹ̀ sì gbẹ. Ọmọ tí oorun ń kùn yóò ké dandan, ẹ ó sì rò pé ohun ìṣeré ni kò tó. Ìṣẹ́jú 5 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ máa dárúkọ rẹ̀ láti ibi tí ẹ wà. Àga yẹn ńkọ́? Ẹ má gbé e sórí tábìlì láé, ẹ má sì jẹ́ kó sùn sínú rẹ̀. Orí á tẹ̀ síwájú, èémí á sì há.

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ ṣé gan-an. Fídíò tí ìyá àgbà fi ń pè é lórí fóònù ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́: Ìyẹn kò sí lára ohun tí à ń sọ yìí. Ìyá àgbà ń dá a lóhùn, tẹlifíṣọ̀n kì í dáni lóhùn. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì máa sọ ohun tí ìyá àgbà ń ṣe fún un. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju tẹlifíṣọ̀n lọ, eré tí kì í sáré ni kí ẹ yàn, kó má jẹ́ lásìkò oúnjẹ tàbí ní wákàtí tó ṣáájú oorun. Kí ẹ sì pa ètò tó ń gbé fídíò mìíràn wá fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú 20 ti ń di wákàtí kan.