Táyà iwájú: ìdilẹ̀mú, ìlẹ̀mọ́, àbí ká fi í sílẹ̀ lọ́rọ̀-ìṣe?

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Fún ẹni tí kò bá ka lẹ́tà àná: àbúrò wa kan ní Wales, tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ orí òkè, ń kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà. Ó fẹ́ sọ fún wọn pé táyà iwájú ni kí wọ́n kọ́kọ́ náwó lé, kí wọ́n ra èyí tó ní gíríìpù dáadáa. Ó wá bi wá pé kí ni Yorùbá ń pe gíríìpù, ìyẹn bí táyà ṣe ń di ilẹ̀ mú tí kì í yọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa dá a lóhùn pé "ìdilẹ̀mú" ni. Ẹnì kan ní "ìlẹ̀mọ́". Ẹlòmíràn ní kí táyà náà fúnra rẹ̀ máa jẹ́ "agbálẹ̀mú".

Ẹ jẹ́ kí n ti orí èyí tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. "Agbálẹ̀mú" kò lè dúró. Kí etí tó gbọ́ "mú" tó wà nídìí rẹ̀, ó ti gbọ́ "agbálẹ̀" ná, ìgbálẹ̀ ló sì máa wá síni lọ́kàn. Táyà tó bá ń gbálẹ̀ ni táyà tó ń yọ̀ kiri, ohun tí à ń sá fún gan-an nìyẹn.

Ti ẹ̀gbọ́n sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí gbogbo wa la máa ń sọ pé táyà kan kò di ilẹ̀ mú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe "ìdilẹ̀mú" sókè lẹ́ẹ̀kan kí ẹ gbọ́ "dilẹ̀" tó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ tó dilẹ̀ ni ọwọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe. Táyà iwájú kẹ̀kẹ́ orí òkè kò sì dilẹ̀ rí. Bí ó bá dilẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú kan péré, ẹni tó gùn ún ti wà nínú igbó.

Ohun tó jẹ mí lógún jù nìyí: kí a tó sọ nǹkan lórúkọ, ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Àbúrò yìí ní Blaenau Ffestiniog lòun ti máa ń gun kẹ̀kẹ́, ìlú tí wọ́n ti ń wa òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé. Lórí òkè yẹn, ẹrẹ̀ wà, gbòǹgbò igi wà, òkúta pẹlẹbẹ tí òjò ti fọ̀ wà, táyà kan náà ló sì máa gba orí gbogbo wọn kọjá. Nínú ẹrẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀, eyín táyà, ìyẹn àwọn kókó rọ́bà tó yọ lójú rẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́. Ó ń wọlẹ̀, ilẹ̀ á sì dá a dúró kó má lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí òkúta tó tutù, kò síbi tí eyín fẹ́ wọ̀. Níbẹ̀, rọ́bà fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: tó bá rọ̀, á wọ inú àwọn gbágungbàgun kéékèèké ojú òkúta náà, á sì pẹ́ kó tó fò padà. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọn ni.

Ìṣe méjì nìyẹn, a sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Táyà Minion DHF tí ilé-iṣẹ́ Maxxis ń ṣe, nígbà kan wọ́n ń tà á ní rọ́bà 42a, wọ́n tún ń tà á ní 60a. (Lórí Shore A, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn líle rọ́bà, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni rọ́bà ṣe rọ̀ tó. Kí àbúrò kọ èyí gàdàgbà sínú ìwé rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló máa rò pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ló dára jù.) Eyín kan náà ni méjèèjì ní, bákan náà ni wọ́n sì ṣe tò. Nínú ẹrẹ̀, bí ọ̀kan ṣe ń wọlẹ̀ ni èkejì ń ṣe. Ẹ gbé wọn dé orí òkúta tútù, 42a á lẹ̀, 60a á máa yọ̀. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ eyín ẹ̀gbẹ́ táyà rírọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á: ojú èékánná náà á hàn, á rọra kún padà. Ẹ tẹ ti líle, kíá ló ti padà sípò.

Nítorí náà, ẹni tó mú "ìlẹ̀mọ́" wá sọ òótọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Bí a bá gbé e wọ gbogbo rẹ̀, ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ gun kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀ á lọ ra rọ́bà rírọ̀ tí eyín rẹ̀ kúrú, ẹrẹ̀ á sì dí i pa.

Ẹnì kan dábàá "jẹlẹ̀" fún iṣẹ́ eyín. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi fọkanáísà tó bá wà ládùúgbò yín. Tó bá sọ pé táyà ti jẹ, ohun tó ń sọ ni pé ó ti lọ tán, bí ìgbà tí bàtà bá jẹ ní gìgísẹ̀. Rọ́bà rírọ̀ gan-an ló sì máa ń yára jẹ. Ọ̀rọ̀ kan kò lè máa yin táyà láàárọ̀ kó tún máa bú u lálẹ́. "Wọlẹ̀" ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká lò. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ fún mi pé òrìṣà ló ń wọlẹ̀. Ó dáa, ṣebí kò sẹ́ni tó máa bọ táyà.

Tí a bá wá fẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó kó méjèèjì pọ̀, ó ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ la ń pe táyà, a sì ń sọ pé ẹsẹ̀ ènìyàn múlẹ̀. Táyà tó múlẹ̀: ta ni kò ní yé? Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di orúkọ o. Ẹ kọ "ìmúlẹ̀" lórí fóònù tí kò ní àmì ohùn, "imule" ló máa jáde, òbí tó bá sì rí "táyà onímùlẹ̀" nínú ìwé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ á ti pe pásítọ̀ kó tó kà á tán.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ká fi í sílẹ̀ lọ́rọ̀-ìṣe: múlẹ̀ fún gbogbo rẹ̀, wọlẹ̀ fún eyín, lẹ̀ fún rọ́bà. Àbúrò, wo bó ṣe máa rí lójú ìwé rẹ:

"Táyà iwájú ni kó múlẹ̀ jù. Bí ti ẹ̀yìn bá yọ̀, o ṣì lè fi ìdí gbé e padà sójú ọ̀nà. Bí ti iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ lo máa bá ara rẹ. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ ló pọ̀ lọ́nà ibi tí ò ń lọ, ra èyí tí eyín rẹ̀ ga, tó jìnnà síra, kó lè wọlẹ̀, kí ẹrẹ̀ sì lè máa já bọ́ láàárín rẹ̀. Bó bá jẹ́ òkúta àti gbòǹgbò tútù, rọ́bà rírọ̀ ni kó o wá, torí òun ló ń lẹ̀, eyín gíga sì máa ń ṣẹ́ po lórí òkúta. Fi rọ́bà tó le díẹ̀ sẹ́yìn, torí ẹ̀yìn ló ń gbé ẹrù jù, ibẹ̀ ló sì máa ń tètè jẹ."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ̀wé pé ìmọ̀ ẹ̀rọ kò lè ṣe láìní ọ̀rọ̀-orúkọ. Tó bá di orí àtẹ tí wọ́n ti ń fi táyà wé táyà, ẹ kọ "ìdilẹ̀mú" síbẹ̀, mi ò ní bá yín jà. Inú gbólóhùn ni mo ní kó má wọ̀.

Lórí afẹ́fẹ́, mi ò rí ìdí tí a fi ń wá "ìwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́" kiri. Gééjì ni gbogbo ayé ń pè é. Kó kọ ọ́ pé kí gééjì iwájú kéré díẹ̀ sí ti ẹ̀yìn. Fún táyà tó fẹ̀ tó íńṣì 2.5 tí kò ní túùbù nínú, ọ̀pọ̀ ló máa ń wà láàárín 20 sí 25 psi. Tó bá kéré jù, ríìmù á máa gbá òkúta.

Ti Assegai, táyà Maxxis mìíràn, ńkọ́? Ẹ ní ká túmọ̀ rẹ̀ sí "Ọ̀kọ̀", nítorí pé ọ̀kọ̀ àwọn ará gúúsù Áfíríkà ni wọ́n fi sọ táyà náà lórúkọ. Lóòótọ́, Greg Minnaar, ọmọ Pietermaritzburg ní South Africa, tó gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé fún eré kẹ̀kẹ́ orí òkè nílùú rẹ̀ ní 2013, lọ́wọ́ nínú ṣíṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gan-an kì í ṣe ti Zulu. Ọ̀dọ̀ àwọn Berber ló ti wá, ó gba ẹnu Lárúbáwá àti Potogí kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí ẹ bá sì kọ "táyà Ọ̀kọ̀" láìfi àmì sí i, ẹni tó bá kà á á lọ bá ẹni tó ń ta táyà ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Assegai.

Ó ku àwọn eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n máa ń kan ilẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà. Lára DHF, àlàfo gbayawu wà láàárín wọn àti ti àárín, ẹni tí kò bá dẹ̀gbẹ́ tó kò ní débẹ̀. Assegai fi eyín mìíràn dí àlàfo yẹn. "Èékánná" ni àbúrò pè wọ́n, èmi fara mọ́ "eyín etí". Ẹni tó bá ní èyí tó ju méjèèjì lọ, kó fi ránṣẹ́ kó tó di Jímọ̀, torí ìwé náà ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.