Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ìdárayá ahọ́n lè mú kí eyín iwájú ọmọ mi pàdé?

Ìyá Àkọ́bí
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin ló gbé mi wá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Tó bá pa eyín dé, ti ẹ̀yìn á kan ara wọn, ti iwájú ò ní kàn rárá. Ahọ́n ló máa ń yọjú láàárín wọn. Tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, ó sì ń hanrun lóru bí àgbàlagbà. Dókítà eyín ní ká má tíì fi wáyà sí i, ká kọ́kọ́ lọ ṣe myofunctional therapy, ìyẹn ni kí wọ́n tún iṣan ahọ́n, ètè àti ojú rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ní òun ò rí ìdí tí a ó fi sanwó fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbé itọ́ mì. Èmi náà ò mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn. Ta ló ti ṣe é rí? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ìyá Ìbejì
Ẹ fi wáyà sí i jàre, màmá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lò ó, eyín rẹ̀ tò dáadáa.

Ẹlẹ́rìn-ín
Wáyà to tèmi náà nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Kò pẹ́ tí wọ́n yọ ọ́ tí àlàfo padà sáyè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ibi tí ahọ́n mi máa ń wà.

Dókítà Eléyín
Títo eyín ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé bí ọmọ ṣe ń fi ahọ́n ti eyín nígbà tó bá ń gbé nǹkan mì ló ń ṣí i sílẹ̀. Bí ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìgbémì kan ń gbà. Ká tiẹ̀ ní ó ń ṣe é lọ́pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà lóòjọ́, àròpọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan. Ohun tó ń sún eyín ni agbára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í sinmi: ahọ́n tó jókòó sáàárín eyín láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru. Bí wáyà fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ibi tí ahọ́n ń gbé nígbà tí ẹnu dákẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, àyè rẹ̀ sì ni àjà ẹnu: ṣóńṣó rẹ̀ lẹ́yìn eyín iwájú òkè, ètè pa dé, kí èémí gba imú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Alfred Rogers, dókítà eyín ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé lórí rẹ̀ láti 1918. Àmọ́ kí n sòótọ́, ẹ̀rí pé ìdárayá nìkan lè pa irú àlàfo bẹ́ẹ̀ dé kò lágbára. Ibi tí mo ti rí àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí iṣẹ́ wáyà bàjẹ́ lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́, irú èyí tó ṣe Ẹlẹ́rìn-ín. Ṣé ọmọ náà ṣì ń fa àtàǹpàkò mu? Tó bá ń ṣe é, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àkọ́bí
Ó ti jáwọ́ ńbẹ̀ tipẹ́, sà.

Màmá Onísùúrù
Ìhanrun yẹn ni mo dúró lé. Nígbà tí mo gbé ọmọkùnrin mi lọ, olùtọ́jú kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ àyàfi tí dókítà etí, imú àti ọ̀fun bá yẹ̀ ẹ́ wò. Adenoid, ẹran kékeré kan tó wà lẹ́yìn imú lọ́hùn-ún, ti wú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà èémí. Ọmọ tí imú rẹ̀ dí, báwo ló ṣe fẹ́ pa ẹnu dé? Kéèyàn máa jágbe mọ́ ọn pé "pa ẹnu ẹ dé", ìyà lásán ni. Wọ́n yọ ọ́, imú là, síbẹ̀ ẹnu ṣì ń là sílẹ̀ torí ó ti mọ́ ọn lára. Ìgbà yẹn ni ìdárayá wá wúlò.

Olùtọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ
Màmá ti bá mi sọ ìdajì. Wọn á tún wo okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀, nítorí tó bá kúrú jù, ahọ́n ò ní lè gòkè. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ iwájú dígí. Ẹ ní kó pe "n". Ibi tí ahọ́n kàn yẹn ni kó máa gbé. Kó fi gbogbo ahọ́n lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, kó la ẹnu gbàgà láìjẹ́ kó kúrò, kó wá já a lójijì kó dún "kọ́". (Àwọn ọmọ fẹ́ràn èyí, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́.) Ti ètè: ẹ fi bọ́tìnì ńlá tí a so okùn mọ́ sáàárín ètè àti eyín, kẹ́ ẹ máa rọra fa okùn náà, kí ètè nìkan dì í mú. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì o, kó má bàa há a lọ́fun.

Tí ahọ́n bá ti lágbára ni a ó tó kan ìgbémì: omi díẹ̀, ahọ́n sókè, eyín pa dé, kó ṣí ètè díẹ̀ sí dígí kó sì gbé e mì. Tí ahọ́n bá yọjú, tàbí tí awọ àgbọ̀n bá hunjọ, a ó tún un ṣe.

Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìdárayá náà ò le. Ohun tó le ni kí ahọ́n mọ àyè rẹ̀ nígbà tí ọkàn ọmọ ò sí ńbẹ̀ rárá, pàápàá lójú oorun. Ìyẹn ló ń gba ọ̀pọ̀ oṣù, ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹnìkan nínú ilé sì máa rán an létí. Tí kò bá sí ẹni tó máa ṣe ìyẹn, ẹ má tíì sanwó.

Bàbá Oníhanrun
Kì í ṣe ọmọdé nìkan o. Èémí mi máa ń dá lójú oorun, wọ́n sì ní kí n fi irú ìdárayá yìí kún ẹ̀rọ tí mo fi ń sùn, èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí mi lọ́nà èémí. Ní Brazil, àwọn olùwádìí fún àwọn tó ní irú àìsàn mi ní ìdárayá ahọ́n àti ọ̀fun fún oṣù mẹ́ta; nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, iye ìgbà tí èémí ń dá tàbí tó ń falẹ̀ láàárín wákàtí kan wálẹ̀ láti bí 22 sí bí 14. Òmíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 fi didgeridoo ṣe é, fèrè gígùn àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà, òun náà sì ranni lọ́wọ́. Ìyàwó mi ní kí n má gbé fèrè kankan wọlé. Ẹ̀rọ mi ṣì wà lójú mi lálaalẹ́ o, ẹ má gbọ́ mi sódì.

Àbúrò Ìdílé
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ẹnu àǹtí mi ṣàdédé wọ́ sápá kan láàárọ̀ yìí, wọn ò sì lè di ojú ọ̀tún. Ṣé ìdárayá yìí lè ṣe é?

Olùtọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ
Àbúrò, ẹ gbé wọn lọ ilé ìwòsàn báyìí, ẹ má dúró ka èsì mìíràn. Ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke), kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú lásán mọ̀ nílé. Tó bá jẹ́ Bell's palsy ni, ìyẹn kí iṣan ojú apá kan ṣàdédé rọ, oògùn steroid dára jù láàárín wákàtí 72 àkọ́kọ́, wọ́n á sì dáàbò bo ojú tí kò pa dé kó má bàa gbẹ. Ọ̀rọ̀ ìdárayá di ẹ̀yìn náà.

Ìyá Ìbejì
Mo rí fídíò kan tí wọ́n fi téèpù lẹ ẹnu ọmọ kó tó sùn. Ṣé ìyẹn ò yá jù?

Dókítà Eléyín
Rárá o! Ọmọ tó ń hanrun, tí a ò tíì mọ̀ bóyá imú rẹ̀ là, kí ẹ wá dí ẹnu rẹ̀ pa?

Ìyá Àkọ́bí
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka èsì yín sí bàbá rẹ̀ létí. Ó ní tó bá jẹ́ ti imú, òun á bá wa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ti ahọ́n, òun ṣì ń rò ó. Kí ni kí n mú dání lọ?

Màmá Onísùúrù
Ẹ ya fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń sùn, kí ìhanrun náà dún nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ bóyá èémí rẹ̀ máa ń dá. Ẹ bi wọ́n bóyá adenoid tàbí tonsil, ẹran ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun, ló tóbi, àbí àlééjì ló ń dí imú. Ẹ gba èsì náà sínú ìwé, torí dókítà eyín àti olùtọ́jú ahọ́n ló máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.