Àbájáde: elẹ́kítíróòdù CdS tí iná rẹ̀ ń wálẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀

Ìbéèrè tí mo bi yín tẹ́lẹ̀ ni pé bí mo bá ti tan ìmọ́lẹ̀ sí elẹ́kítíróòdù CdS (cadmium sulfide) tí mo fi ń ṣe biosensor (ẹ̀rọ tó ń fi purotéènì tàbí irú èròjà bẹ́ẹ̀ ṣàwárí nǹkan), iná mànàmáná tó ń mú jáde á máa wálẹ̀, àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ á sì máa ṣí.

Ìmọ̀ràn yín pé kí n fi TiO2 (titanium dioxide) bò ó ló yanjú rẹ̀. Àmọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó wà, nanomita díẹ̀ péré. Nígbà tí mo bò ó nípọn, iná fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, torí pé àyè òfo tí ẹ́lẹ́kítírónù fi sílẹ̀ nínú CdS kò rọ́nà gba inú TiO2 kọjá. Èyí tó fẹ́lẹ́ yìí, bí mo ṣe ń tan ìmọ́lẹ̀ tí mo ń pa á, bákan náà ni iná ń ga lójú kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn gan-an!

Ascorbic acid (fítámì C) nìkan ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Ó ń dí àyè òfo yẹn kó tó jẹ sulfide inú CdS, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ máa ń ba òun náà jẹ́, nítorí náà tuntun ni kẹ́ ẹ máa pò. Mo ṣì ń fi í kún bọ́fà (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí padà) tó wà ní pH 7.4.

TiO2 láìsí CdS ì bá wù mí jù, kí cadmium lè kúrò níbẹ̀, àmọ́ agbára tí ẹ́lẹ́kítírónù rẹ̀ nílò kó tó lè ṣí, ìyẹn 3.2 eV, ń béèrè UV (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí), UV yìí sì lè ba purotéènì inú biosensor náà jẹ́.

Ohun tó kù ni antibody (purotéènì tó ń di ohun tí à ń wá mú) tó ń ṣí kúrò bí mo bá fọ̀ ọ́ léraléra. APTES pẹ̀lú glutaraldehyde, kẹ́míkà méjì tó ń so nǹkan pọ̀, ni màá fi dì í mú. Ẹ ṣeun gbogbo yín.