"Onídìí pẹrẹsẹ" dára, àmọ́ ọkọ̀ mìíràn ló ni ín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹni tó ń kọ ìwé kékeré fún àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ ìpẹja, irú èyí tí wọn yóò máa lò lórí adágún àti ọ̀gọ̀dọ̀, ló ní kí á bá òun wá orúkọ mẹ́rin: orúkọ ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, orúkọ èyí tí abẹ́ rẹ̀ gún bíi lẹ́tà V, orúkọ bí ọkọ̀ ṣe ń wọ inú omi tó, àti orúkọ agbára ẹ́ńjìnnì kékeré oníbátìrì. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ dá a lóhùn dábàá "ọkọ̀ onídìí pẹrẹsẹ" àti "ọkọ̀ onídìí ṣóńṣó". Ẹlòmíràn ní kí á má da ara wa láàmú, kí á pe ti àkọ́kọ́ ní "ọkọ̀ ọ̀gọ̀dọ̀", kí á sì pe èkejì ní "ọkọ̀ adágún". Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè bá yín lọ síbẹ̀.

N kò ní fi ti ẹ̀rín ṣe. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn ọmọdé yóò sọ bí wọ́n bá gbọ́ "onídìí pẹrẹsẹ". Ohun tó ká mi lára ni pé ọkọ̀ ti ní ìdí tipẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ni ìdí náà. Ẹni tó bá ka ìtàn bí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ṣe fọ́ nínú Bíbélì Yorùbá yóò rí i pé láti ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ti ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sínú omi. Abẹ́ ọkọ̀ kọ́ nìyẹn o. Bí a bá wá lọ gbé "ìdí" fún abẹ́, kí ni a ó pe ibi tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì mọ́?

Mo sì rò ó síwájú sí i, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wúlò gan-an, ipò rẹ̀ ló ṣì. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí iwájú àti ẹ̀yìn wọn ṣe ṣóńṣó bákan náà. Àwọn mìíràn wà tí a gé ẹ̀yìn wọn pẹrẹsẹ bí ẹni fi pákó dí i. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń yan ọkọ̀. Èyí tí ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ lè gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ tààrà. Èyí tí ìdí rẹ̀ ṣóńṣó kò ní ibi tí a ó gbé e kọ́. Àfi kí a de igi tàbí irin kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbà náà ni ọkọ̀ á sì máa fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà, "onídìí pẹrẹsẹ" àti "onídìí ṣóńṣó" wọlé, mo gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ ìdí ni kí wọ́n máa júwe. Ẹni tó ń kọ ìwé kò tiẹ̀ bèèrè ìyẹn, ẹ̀gbọ́n ló ṣèèṣì fún un.

Abẹ́ wá ńkọ́? "Alábẹ́ pẹrẹsẹ" kò ṣeé sọ níwájú àgbà. "Onísàlẹ̀ pẹrẹsẹ" kò burú, ó kàn tutù lẹ́nu ni. Ikùn ni mo fẹ́. Wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo ọkọ̀ náà ló dakùn délẹ̀ sórí omi, bí wọ́n bá sì ti wà lójú omi, ẹni tó dúró ní èbúté kò lè fi ojú mọ èyí tí ikùn rẹ̀ tẹ́jú. Ibẹ̀ gan-an ni orúkọ ti wúlò. Mo dábàá "ọkọ̀ oníkùn pẹrẹsẹ" àti "ọkọ̀ oníkùn àáké". Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní kí á kọ "oníkùn V" kí ó tán. Ṣé ẹ rántí pé V kò sí nínú ábídí wa? Ẹni tó bá mọ Yorùbá kà tí kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, kí ni yóò fi V ṣe? Àmọ́ kò sẹ́ni tí kò mọ bí ẹnu àáké ṣe rí, bó ṣe ń fẹ̀ láti ẹnu lọ sókè, àti bó ṣe ń la igi. Ọkọ̀ náà ń la ìgbì bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ikùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe ló yẹ kí ìwé náà wá sọ lẹ́yìn orúkọ. Oníkùn pẹrẹsẹ kì í mì púpọ̀ lórí omi tó dákẹ́. Apẹja lè dìde dúró kí ó ju ìwọ̀ rẹ̀ láìfòyà. Ó ń kọjá níbi tí omi kò ti jìn, láàárín koríko. Ṣùgbọ́n bí ìgbì bá dé, yóò máa lu omi gbì, gbì, gbì, omi á sì máa ta sí ẹni tó jókòó níwájú lójú. Oníkùn àáké a máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́, àmọ́ bí atẹ́gùn bá gbéra, òun ni ẹ ó fẹ́ wà nínú rẹ̀.

Èyí ló mú kí n má gba "ọkọ̀ ọ̀gọ̀dọ̀" àti "ọkọ̀ adágún" wọlé. Lákọ̀ọ́kọ́, adágún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Omi tó dá gún sójú kan tí kò ṣàn ni, ó kéré ni o, ó tóbi ni o. Nínú Bíbélì kan náà, adágún ni wọ́n pe Gẹ́nẹ́sárẹ́tì tí ọkọ̀ apẹja ń ná, adágún náà ni wọ́n pe Bẹtẹ́sídà tí àwọn aláìsàn jókòó tì. Èkejì, ìtóbi omi nìkan kọ́ ló ń sọ irú ìgbì tí yóò ní. Ibi tí atẹ́gùn bá ti rí ààyè sáré lórí omi láìsí òkè tàbí igi tó dí i lọ́wọ́ ni ìgbì ti ń ga. Adágún tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó wà láàárín òkè méjì lè dákẹ́ lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba orí òkè kọjá. Bí atẹ́gùn bá yí, tó gba àárín òkè méjèèjì wọlé, ó di ìjà. Ẹni tó bá ra "ọkọ̀ adágún" nítorí pé adágún ni omi tirẹ̀ ń jẹ́, orúkọ ló rà.

Ẹ jẹ́ kí á dé orí bí ọkọ̀ ṣe ń wọ inú omi tó. Àwọn kan kọ "ìrì ọkọ̀". Háà! Ọkọ̀ tó rì, ó ti lọ nìyẹn. Ta ni yóò ra ọkọ̀ tí wọ́n kọ "ìrì: sẹ̀ǹtímítà 8" sí lára? "Ìmumi" náà kò dáa, nítorí ọkọ̀ tó ń mu omi ti lu. Mo dábàá "ìwọmi", láti ara wọ omi. Ó kúrú, kò sì ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

Ẹ wo bí yóò ṣe ṣiṣẹ́. Ká ní ọkọ̀ oníkùn pẹrẹsẹ kan gùn ní mítà 3, ó sì fẹ̀ ní mítà 1, ó ṣe bí àpótí. Ọkọ̀ tó bá léfòó ń ti omi tí ìwúwo rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba sẹ́gbẹ̀ẹ́. Archimedes, onímọ̀ ará Gíríìsì àtijọ́, ti rí ìyẹn tipẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 1 ikùn yìí nínú omi jẹ́ lítà 30, ìyẹn kìlógíráàmù 30. Bí ọkọ̀ bá wúwo tó kìlógíráàmù 60, tí àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 150, tí ẹrù wọn jẹ́ 30, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 240: ìwọmi rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8. Ká wá mú oníkùn àáké tó gùn bẹ́ẹ̀, tó sì fẹ̀ dé mítà 1 lójú omi. Nítorí pé ikùn rẹ̀ ń fún bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ìdajì omi tí ti àkọ́kọ́ ń tì ní ìjìn kan náà ló ń tì. Ìwọmi rẹ̀ yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16 kí ó tó gbé ẹrù kan náà. Ní ọ̀gọ̀dọ̀ tí koríko kún, ìyàtọ̀ yẹn ni yóò sọ bóyá ẹ ó pẹja tàbí ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ máa ti ọkọ̀.

Mo tún rí ibì kan tí wọ́n ti kọ "ẹ́ńjìnnì pọ́ùn 30". Ẹnìkan rò pé bó ṣe wúwo tó nìyẹn, ẹlòmíràn rò pé owó rẹ̀ ni. Agbára ẹṣin ni a ń ka fún ẹ́ńjìnnì epo, ó sì ti mọ́ wa lẹ́nu. Ẹ́ńjìnnì oníbátìrì ní tirẹ̀, bó ṣe ń ti ọkọ̀ síwájú tó ni wọ́n ń wọ̀n, pọ́ùn ni wọ́n sì fi ń kà á. "Agbára ìtì" ni mo kọ́kọ́ rò, àmọ́ ìtì igi ń bẹ nítòsí, mo sì fi í sílẹ̀. "Agbára ìtaari" ló kù. Ìṣirò tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń lò ni pé kí agbára ìtaari jẹ́ pọ́ùn 2, ó kéré tán, fún gbogbo pọ́ùn 100 tí ọkọ̀ àti ohun inú rẹ̀ wúwo. Ọkọ̀ wa tó jẹ́ kìlógíráàmù 240 tó nǹkan bíi pọ́ùn 530. Pọ́ùn 11 á gbé e lórí omi tó dákẹ́. Bí atẹ́gùn bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un dáadáa, pọ́ùn 30 kò pọ̀jù. Bátìrì náà ní ìwúwo tirẹ̀, ó sì yẹ kí ìwé náà sọ pé kí wọ́n gbé e síwájú. Bí bátìrì, ẹ́ńjìnnì àti apẹja bá jọ kó sí ìdí ọkọ̀, ṣe ni imú ọkọ̀ á máa wo ojú ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ wà kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Àjẹ̀ ni àjẹ̀ ń jẹ́. Káyáàkì, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ káyáàkì. Àwọn Inuit, ará ilẹ̀ yìnyín ìhà àríwá, ló ni orúkọ náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yá a ni, kò sídìí tí a ó fi ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbẹ́ tiwa. Àjẹ̀ rẹ̀ ni kí á pè ní "àjẹ̀ olójú méjì". Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ní ni pé kí ẹni tó ń tẹ ìwé yìí má gbàgbé àmì ohùn. "Ọkọ̀ àjẹ̀" láìsí àmì lè di ọkọ̀ àjẹ́ mọ́ òǹkàwé lọ́wọ́, ta ló sì fẹ́ bá wọn wọ ìyẹn lójú omi?

Fún ọkọ̀ rọ́bà, mo rí "ọkọ̀ afẹ́fẹ́" nínú àbá kan. Ọkọ̀ òfuurufú ni yóò wá sọ́kàn ènìyàn. "Ọkọ̀ rọ́bà apọ́ǹpù" tó fún mi: a ń pọ́ǹpù rẹ̀, a sì ń ká a sínú àpò, nítorí náà ó dára fún ẹni tí kò ní ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí. Ìwọ̀ nìkan ni ọ̀tá rẹ̀.

Ibi tí mo ti dúró ni apá tó kù lókè omi, láti ojú omi dé etí ọkọ̀. Ìwé náà kò lè ṣe láìsí i, nítorí bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ sí i ni apá yìí ń dín kù, òun ló sì ń dí ìgbì lọ́nà. Mo fẹ́ "ìyọmi" kí ó lè bá "ìwọmi" ṣe ìbejì, àmọ́ yọ omi lè túmọ̀ sí kí a yọ omi kúrò nínú ọkọ̀. "Ìṣẹ́kù ẹ̀gbẹ́" ni mo fi dí àlàfo rẹ̀ báyìí, kò sì dùn mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí etí omi, kí ni àwọn apẹja ń pè é nígbà tí wọ́n bá ń kìlọ̀ fún ara wọn pé ẹrù ti pọ̀jù?