Òdo iwájú nọ́ńbà fóònù kò sí mọ́ lẹ́yìn tí mo kó Excel sínú MySQL
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo sì fẹ́ kó orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti inú Excel sínú tábìlì MySQL (ètò tí a fi ń tọ́jú dátà). Python ni mo lò: read_excel ti pandas (àkójọ irinṣẹ́ Python fún dátà) ló ń ka fáìlì, to_sql ló ń kó o wọlé. Ó wọlé lóòótọ́, àmọ́ nọ́ńbà fóònù tó yẹ kó fi 0803 bẹ̀rẹ̀ ti ń fi 803 bẹ̀rẹ̀. Mo fi dtype=str sí i (kó lè kà á bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí iye), pàbó ló já sí. Ìgbà tí mo tẹ sẹ́ẹ̀lì náà wò ni mo rí i pé òdo ò sí nínú Excel fúnra rẹ̀. Ṣé kí n fi zfill(11), tó ń fi òdo kún iwájú títí yóò fi pé mọ́kànlá, dá a padà? Àwọn kan fi +234 bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Déètì náà ńkọ́? Òmíràn jáde bíi 2024-01-01, òmíràn bíi 45292, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà ni. Báwo ni mo ṣe máa sọ wọ́n di ọ̀kan láìba èyí tó dáa jẹ́? Owó olówó ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí, kó fi kóòdù rẹ̀ hàn mí.