Bí a ṣe lè sun apá adìyẹ nínú oven kí awọ rẹ̀ gbẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ bábíkíù tí a sè nílé

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí ààrò. Bí mo bá sun apá adìyẹ nínú oven, awọ rẹ̀ a máa rọ̀ bí ẹni pé ṣe ni mo bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ dín in nínú òróró. Báwo ni mo ṣe lè mú kí ó gbẹ, kí ó máa ró lẹ́nu, kí n sì se ọbẹ̀ bábíkíù rẹ̀ fúnra mi?

Ìdáhùn kìíní:
Omi ara rẹ̀ ni ọ̀tá yín. Ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ tó fi iyọ̀ àti ṣíbí ìjẹun kan baking powder pa kílò kan rẹ̀ lára, nítorí pé èyí ló ń jẹ́ kí awọ tètè pọ́n kí ó sì gbẹ. Kì í ṣe baking soda o, ìyẹn a máa korò. Ẹ tò ó sórí wáyà kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ fi í sínú fíríìjì láìbò ó di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá sun ún ní 220°C fún bí ìṣẹ́jú 45, kí ẹ sì yí i padà láàárín.

Ìdáhùn kejì:
Òótọ́ ni, àmọ́ fíríìjì kì í ṣe dandan fún ẹni tí iná mànàmáná rẹ̀ ń ṣe ségesège. Ní ti ọbẹ̀, ẹ din àlùbọ́sà àti aáyù, ẹ da ketchup, fínígà, oyin àti ata gígún sí i, kí ó hó títí yóò fi ki.

Ìdáhùn kẹta:
Ẹ má tètè fi ọbẹ̀ náà kùn ún, torí pé ṣúgà inú rẹ̀ yóò jó. Ìṣẹ́jú 10 tó kẹ́yìn ti tó.